Ìdẹ Onígi Lọ́wọ́ Lamar Stroud

Ìwọ̀ tó wà lọ́wọ́ òkú náà ti dípẹtà. Ohun tí Verna Tidwell kọ́kọ́ rí nìyẹn, òun nìkan ló sì rí i. Àwọn tó kù ti mọ ẹni tó ni ìdẹ náà, ẹni tó bá sì ti rò pé òun mọ olóhun kì í fara balẹ̀ wo ohun mọ́.

Ìdẹ onígi ni, ó gùn tó ìka àárín. Wọ́n gbẹ́ ẹ bí ẹja kékeré, wọ́n kùn ún láwọ̀ ewé, wọ́n fi ọ̀dà pupa rẹ́súrẹ́sú kun ikùn rẹ̀. Àmì dúdú róbótó mẹ́ta wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Gbogbo apẹja tó ń sọ ọkọ̀ sí Adágún Hollis, àti púpọ̀ nínú àwọn tó kù ní Alabama, ló mọ̀ pé Jeb Coker nìkan ló ń fi àmì mẹ́ta sábẹ́ àgbọ̀n ìdẹ.

Ìdẹ yìí ni wọ́n bá nínú ẹran ọrùn ọwọ́ Lamar Stroud, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, nígbà tí àwọn òmùwẹ̀ gbé òkú rẹ̀ jáde lábẹ́ afárá ní aago kan ọ̀sán Sátidé, ọjọ́ ìdíje ẹja báàsì. Kó tó di aago méjì, Ṣẹ́rífù Hallman ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Jeb lọ́wọ́.

"Verna, jọ̀ọ́, má tún da ọ̀rọ̀ yìí rú mọ́ mi lójú," Hallman sọ. Òógùn ń dà lọ́rùn rẹ̀ nínú oòrùn oṣù Kẹjọ. "Wọ́n jà láàárọ̀ níbi tí wọ́n ti ń sọ ọkọ̀ sómi, ó lé ní ogójì èèyàn tó gbọ́. Aṣọ Jeb tutù rinrin. Apá ẹ̀ bó yánnayànna. Òun fúnra ẹ̀ ló pè wá. Ìdẹ ẹ̀ rèé lára òkú. Kí lo tún ń wá?"

"Mo fẹ́ jẹ ẹ̀pà mi tán," Verna dá a lóhùn.

Ẹ̀pà bíbọ̀ ló ń jẹ, ó ń bó o láti inú ike, ó ń da èèpo sápò ẹ̀wù. Kíláàsì kan náà ni òun àti Hallman jọ wà nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó bẹ̀rù oyè rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi ṣiṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Kó tó di ìgbà náà, ọmọ ẹni tó ń ta ìdẹ létí adágún yìí ni, ó sì mọ ìwọ̀ ju bó ti mọ ìbọn lọ.

"Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ̀sùn ìpànìyàn ni mo máa kà sí i lẹ́sẹ̀," ni Hallman wí. "Bó o bá ní nǹkan tó yàtọ̀, gbé e wá kó tó dìgbà yẹn."

Jeb jókòó sẹ́yìn mọ́tò ọlọ́pàá, ilẹ̀kùn ṣí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nílẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Àǹtí Verna, ẹ bá mi sọ fún wọn."

"Ìwọ lo máa sọ. Kí lẹ jà sí?"

"Abẹ́ afárá. Èmi ni mo fi ibẹ̀ hàn án. Mo ní kó má lò ó lọ́jọ́ ìdíje. Ó ní ṣé bàbá mi ló gbẹ́ adágún ni. Mo ní kó máa lọ, kí ibẹ̀ gbé e mì."

"O sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo sọ ọ́, mà. Wọn ò parọ́ mọ́ mi."

Arẹ́májà ò sí. Láti kékeré ni àwọn méjèèjì ti ń jà tí wọ́n sì ń parí ẹ̀ kó tó di oúnjẹ alẹ́. Verna mọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo ìlú mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lónìí, ìjà yẹn nìkan ni wọ́n rántí.

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Mo gba apá òkè lọ. Mo ti búra pé mi ò ní débẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò lélẹ̀, ẹja ò sì jẹ. Nígbà tó di aago mọ́kànlá, mo ní kí n lọ bẹ̀ ẹ́. Mo bá ọkọ̀ ẹ̀ lójú kan, kò séèyàn nínú ẹ̀. Mo rí fìlà ẹ̀ lójú omi. Mo bẹ́ sómi."

"Ta ló bó ẹ lápá?"

"Àwọn òpó afárá àtijọ́ tó wà lábẹ́ omi ni. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo wọlé, Àǹtí. Mi ò rí i."

Verna gbé ìdẹ náà sókè nínú ọ̀rá. "Ìgbà wo lo ju èyí kẹ́yìn?"

Jeb wò ó. "Ìyẹn ti sọ nù láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó há sórí òpó lábẹ́ afárá níbẹ̀. Mo fà á títí, kò wá, ni mo bá gé okùn."

"O gé e, o sì fi sílẹ̀."

"Bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe ná, mà."

Bí wọ́n sì ti ń ṣe nìyẹn lóòótọ́. Ìwọ̀ á há, apẹja á fà á sọ́tùn-ún, á fà á sósì, á bú ìyá igi, á fi ọ̀bẹ gé okùn, á so ìdẹ mìíràn. Bí wọ́n bá fa omi adágún náà gbẹ lọ́la, ìwọ̀ àti okùn tí wọ́n máa bá nísàlẹ̀ á ju ẹja lọ. Kò sẹ́ni tó kà á sí ẹ̀ṣẹ̀.

Hallman rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wọn. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ó tètè rántí o." Ó ní kí wọ́n máa gbé Jeb lọ sí àtìmọ́lé.

Purvis, òmùwẹ̀ tó gbé òkú náà jáde, ń bọ́ rọ́bà ìwẹ̀ lára nígbà tí Verna bá a.

"Ṣé o gé nǹkan kan nísàlẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Okùn ẹ̀ ti lọ́ mọ́ orí òpó. Mo gé e kí n tó lè gbé e."

"Okùn ta ni?"

"Okùn tiẹ̀ ni o. Ta ló tún fẹ́ jẹ́?"

"Èyí tó kù dà?"

Ó ṣẹ́ kù díẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn òmùwẹ̀. Verna fi ìka méjì fà á. Okùn híhun ni, ó nípọn, ewéédò ti bò ó débi pé ó ń yọ̀. Ó gbé e lọ síbi tí wọ́n so ọkọ̀ Lamar mọ́. Ọ̀pá ìwọ̀ márùn-ún wà nínú ọkọ̀ náà. Okùn gbogbo wọn funfun, wọ́n tín-ín-rín bí irun orí. Ọ̀bẹ Lamar wà nínú àkọ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó.

Ó dúró nínú oòrùn, ó ro ọ̀rọ̀ náà láti ìdí. Ìdẹ Lamar ti fa okùn àtijọ́ sókè láti orí òpó, ìdẹ Jeb bá a wá. Lamar bẹ̀rẹ̀ láti mú un. Bóyá ọkọ̀ mì, bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Ìwọ̀ wọ ẹran ara, ó ṣubú sómi, òpó sì di okùn mú. Títí dé ibẹ̀, kò sí ọwọ́ ọmọ aráyé kankan nínú rẹ̀. Ó padà lọ bá Purvis.

"Báwo ni okùn yẹn ṣe gùn tó kó o tó gé e?"

"Tó ẹsẹ̀ bàtà méje."

"Orí òpó ńkọ́, ó jìn tó?"

"Mẹ́rin. Ó lè má pé mẹ́rin."

Verna ò jẹ ẹ̀pà mọ́. Okùn náà gùn tó fún Lamar láti gbé orí sókè omi. Kò lè dé ìdí ọkọ̀, níbi tí ọ̀bẹ wà, ṣùgbọ́n ó lè mí. Kò kú lójú ẹsẹ̀. Ó léfòó síbẹ̀ bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ igi, títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá sì lè mí lè pariwo.

Ó lọ sọ ọ́ fún Hallman. Hallman gbọ́ ọ dópin, a ò lè purọ́ mọ́ ọn.

"Ìpẹtà àti ewéédò," ó sọ. "Lọ́yà ìjọba á fi mí rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ méjìdínlógójì ló jáde láàárọ̀, gbogbo wọn la ti bi, kò sẹ́ni tó débi afárá. Mú ẹni tó wà níbẹ̀ wá fún mi, Verna. Ẹni tó rí i pé Jeb ò sí ńbẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, omi ti tán lẹ́yìn ẹja fún ọmọ yẹn."

Aago mẹ́ta lù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ẹja kí wọ́n lè mọ ẹni tí tiẹ̀ wúwo jù. Ẹ gbọ́ o, wọ́n wọn ẹja. Wọ́n ní Lamar gan-an ì bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, òkú kì í sì í jiyàn. Wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n gbàdúrà, lẹ́yìn náà wọ́n tan gbohùngbohùn.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn apẹja ń gun orí pèpéle pẹ̀lú àpò omi wọn. Ooru ti lé báàsì sísàlẹ̀, ẹja ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó bá mú pọ́n-ùn méjìlá wá ń yangàn. Nígbà tó yá, Alton Veach gòkè, ariwo sì sọ.

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni Alton. Òun ló kọ́ ìdajì àwọn tó wà níbẹ̀ ní ìwọ̀ jíjù. Òun ló kọ́ Lamar. Òun ló kọ́ Verna náà nígbà tí bàbá rẹ̀ kú tó sì ku òun àti ìyá rẹ̀. Ó gbé e sínú ọkọ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so kókó tí kì í tú. Ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ fún gbogbo wọn nìyí: àgbà apẹja kì í gbọ́ ohun mìíràn yàtọ̀ sí omi.

Báàsì márùn-ún, pọ́n-ùn méjìdínlọ́gbọ̀n ó lé díẹ̀. Ẹyọ kan nínú wọn gbórín tó ọmọ ìkókó. Kò sẹ́ni tó rí irú ẹ̀ rí ní Hollis nínú oṣù Kẹjọ.

"Níbo lẹ ti rí wọn, Bàbá?" ni onígbohùngbohùn béèrè.

"Inú koríko ní Odò Cane," Alton sọ. "Omi ibẹ̀ ò ju orúnkún lọ. Ìdẹ àkèré onírọ́bà ni mo ń fà lórí ewé."

Kò rẹ́rìn-ín. Àwọn èèyàn ní ọ̀fọ̀ Lamar ló ń ṣe. Wọ́n gbé ife ẹ̀yẹ fún un, Verna náà pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ó lọ wo ẹja náà nínú àgbá omi tí wọ́n ń kó wọn sí kí wọ́n tó dá wọn padà sádágún. Ìfẹ́ ẹja ló gbé e débẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ńlá náà bó ti ń mí. Lẹ́yìn lẹ́bẹ́ rẹ̀, ìpẹ́ kan ti ṣí kúrò, ihò pínníṣín kan sì wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yí i ká.

Ó wo ìkejì. Ihò náà wà níbẹ̀. Ìkẹta náà ní tiẹ̀.

Báàsì tí wọ́n fà wá láti inú ibú, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á wú, á dojú ikùn sókè, á sì kú kó tó dé òṣùwọ̀n. Òkú ẹja ń dín òṣùwọ̀n kù. Nítorí náà apẹja tó mọṣẹ́ á fi abẹ́rẹ́ gún un lẹ́yìn lẹ́bẹ́, afẹ́fẹ́ á jáde, ẹja á yè. Ẹja inú omi tí ò ju orúnkún lọ kì í wú. Kò sẹ́ni tó ń gún un. Ní gbogbo Hollis, ibì kan ṣoṣo ni báàsì ti ń wọ́ jọ nínú omi ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà lásìkò ooru, ibẹ̀ náà sì ni abẹ́ afárá.

Alton jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ lábẹ́ igi, ife ẹ̀yẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tíì tútù tí ẹnìkan gbé fún un wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì mu ún.

"Ẹ kú oríire, Bàbá."

"Verna. Wá jókòó."

Ó jókòó. Àwọn méjèèjì ń wo omi.

"Ẹja ńlá yẹn dára," ó sọ. "Kí lẹ gún un lábẹ́rẹ́ fún?"

Yìnyín inú tíì dún nínú ife.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní abẹ́rẹ́ gígún, Bàbá. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Mọ́tò kékeré iwájú ọkọ̀ Lamar, irú èyí tó ń dá ọkọ̀ dúró fúnra ẹ̀, ló di ọkọ̀ náà mú lójú kan láti àárọ̀ títí Jeb fi dé. Ẹni tó bá wà lábẹ́ afárá ti rí ọkọ̀ tí ò léèyàn nínú. Ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti gbé Jeb lọ, ẹ ń wò ó, ẹ ò sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ mọ ìdí."

"Kì í ṣe ọkọ̀ òfìfo ni mo rí," Alton sọ.

Verna ti mọ̀ kó tó sọ ọ́, síbẹ̀ ó dùn ún wọra.

"Èmi wà ní ìhà kejì òpó. Ó pè. Mo rò pé yẹ̀yẹ́ ni. O mọ̀ ọ́n, ó máa ń pariwo kí ẹja mi lè sá. Mo ju ìwọ̀. Báàsì gbá a. Agbo wọn ti gbéra nílẹ̀, Verna, gbogbo agbo. Ogójì ọdún ni mo ti ń retí irú ẹ̀, kì í sì í pẹ́. Ó tún pè. Mo ní ẹyọ kan sí i."

Ẹyọ kan sí i. Bàbá Verna máa ń sọ ọ́ nígbà tí oúnjẹ bá ń tutù nílé. Verna náà ti sọ ọ́ títí ìgbéyàwó rẹ̀ fi tú ká. Kò sí apẹja tí kò tíì sọ ọ́.

"Ẹ̀ẹ̀kẹta ńkọ́?"

"Ó pe orúkọ mi. Ohùn ẹ̀ ti yàtọ̀. Mo mọ̀ nígbà yẹn." Ó gbé ife tíì sílẹ̀. "Ńlá yẹn ló wà lẹ́nu ìwọ̀ mi. Mo ní kí n ṣáà gbé eléyìí. Mi ò rò pé ó pẹ́. Nígbà tí mo gbé e tán, kò pariwo mọ́."

"Ẹ wá mú abẹ́rẹ́."

"Ó fẹ́ kú ni," Alton sọ.

Ọ̀bẹ kan ṣoṣo ló gbà. Kí ó fi mọ́tò kékeré wakọ̀ yí òpó po, kí ó na ọwọ́, kí ó gé okùn. Ọwọ́ tó gún ẹja márùn-ún láìgbọ̀n ni ọwọ́ tí kò lè ṣe ìyẹn. Verna fẹ́ gbá a létí, ó sì fẹ́ gbá a mọ́ra. Kò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ó ń sunkún, kò sì nu ojú.

Alton na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú. "Fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i."

Hallman gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lẹ́nu Alton fúnra rẹ̀, ìwé méjì gbáko. Lẹ́yìn náà ó fa Verna sí kọ̀rọ̀.

"Jeb ti bọ́. Alton jẹ́rìí sí i pé Jeb ò sí níbẹ̀, gbogbo ẹ̀ bá ewéédò ẹ mu. Ṣùgbọ́n kí ni kí n mú bàbá yẹn fún?"

"O gbọ́ ohun tó sọ."

"Mo gbọ́. Kò tì í. Kò dè é. Kì í ṣe ọmọ ẹ̀, kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹ̀. Òfin wa ò ní kéèyàn fa ẹlòmíràn jáde nínú omi. Irọ́ tó pa fún wa nìkan ló wà, wọ́n á ní kó san owó ìtanràn, á sì lọ sílé."

"Ó fẹ́ ká mú òun."

"Mo mọ̀. Mi ò ní ibi tí mo máa fi í sí."

Nígbà tí Verna bojú wẹ̀yìn, ọwọ́ Alton ṣì wà níwájú rẹ̀ lórí itan, bí ẹni pé ó gbàgbé láti kó wọn nílẹ̀. Àwọn tí kò tíì gbọ́ nǹkan kan ń bọ̀ wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ọ̀hún. Létí omi, wọ́n ti ń da ẹja padà. Ńlá náà dúró díẹ̀, ó ju ìrù, ó lọ sísàlẹ̀. Ara rẹ̀ le koko.

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí Verna dé àtìmọ́lé. Wọ́n ti fún Jeb ní búrẹ́dì àti ẹran díndín, kò fọwọ́ kàn án. Verna fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn.

"Ó ti parí. Dìde, jẹ́ kí n gbé ẹ lọ sílé."

"Kí ló gbà mí?"

Ó gbèrò láti fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ di ọ̀la, ṣùgbọ́n Hallman ti ń sọ ọ́ lórí fóònù nínú ọ́fíìsì, ìlú á gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó sàn kí Jeb gbọ́ ọ lẹ́nu òun. Ó sọ ti Alton. Jeb pa ojú dé. Ó sọ ti òpó, ti ìwọ̀ tó dípẹtà, ti okùn tó ní ewéédò. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kó lè tètè kọjá, kò sì kọjá.

"Okùn híhun yẹn," Jeb sọ. "Tèmi ni."

"Ẹnikẹ́ni ló ń gé okùn, Jeb. Èmi náà ti gé ẹgbẹ̀rún."

"Mo dìídì ra èyí tó nípọn ni, kó má baà já." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Ó rí àmì mẹ́ta yẹn. Ó mọ̀ pé tèmi ni. Kì í lo ìdẹ onígi, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ mú un wá fún mi ni, ká lè parí ìjà."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Verna ti ń gbọ́ irọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn. Ó wá ẹyọ kan tó lè lò, kò rí.

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi."

"Ẹ mọ̀, mà."

Ó dúró dè é. Jeb ò dìde. Ó sún sẹ́yìn lórí bẹ́ẹ̀dì irin náà títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri, ó ká ẹsẹ̀ méjèèjì sókè.

"Àǹtí Verna, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn."

Verna dúró síbẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò sì sẹ́ni tó jáde.